Ọjọ́ Mẹ́ta Nínú Omi Tó Mọ́

Inú pọ́ńdì ni mo wà, omi mù mí dé orúnkún, mo ń ya àwọn ẹja ńlá kúrò láàárín àwọn kékeré, nígbà tí mo gbọ́ fèrè mọ́tò ọkọ mi lẹ́nu géètì. Ẹja àrọ̀ kì í dàgbà dọ́gba. Bí ẹ bá da igba ọmọ ẹja sínú omi lọ́jọ́ kan náà, kí oṣù méjì tó pé, díẹ̀ nínú wọn á ti di ọ̀gá, wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn yòókù mì. Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, mo máa ń fa omi sílẹ̀, n ó wọ ògbólógbòó ṣòkòtò ọkọ mi, n ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, n ó sì fi apẹ̀rẹ̀ oníhò ṣà wọ́n: ńlá sínú pọ́ńdì ọ̀tún, kékeré sínú ti òsì. Mo ti ka mẹ́tàdínlógójì sí ọ̀tún nígbà tí fèrè náà dún. Mo fi èédú kọ iye náà sára ògiri kí n má baà gbàgbé rẹ̀, mo sì jáde.

Ìyá rẹ̀ ló lọ mú wá láti Ẹ̀pẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, Màmá ṣubú. Òun nìkan ló ń gbé nínú ilé wọn ní Ẹ̀pẹ́ látìgbà tí bàbá ọkọ mi ti kú. Ó lọ ṣe àlùwàlá ní kùtùkùtù, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ nínú balùwẹ̀, ilẹ̀ ló sì wà títí obìnrin tó máa ń pọn omi fún un fi dé lágogo mẹ́wàá. Egungun rẹ̀ kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n ìbàdí rẹ̀ ń dùn ún, ọ̀pá ló sì fi ń rìn. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjì ló wà láyé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin wà ní Kàdúná, àwa sì wà ní Ìkòròdú. A ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó wá máa bá wa gbé. Ó ní ọmọ Ẹ̀pẹ́ kì í fi etí ọ̀sà sílẹ̀ lọ gbé lẹ́yìn ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Nígbà tí ó ṣubú yìí, ó gbà láti wá, ṣùgbọ́n ó ní ọjọ́ mẹ́ta péré ni, nítorí pé ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ̀tọ́ àlejò nínú ẹ̀sìn. Ọjọ́ Jímọ̀ ló dé. Ó ní bí òun bá ti jẹun ọ̀sán tán lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Ẹ̀pẹ́ yá.

Ọkọ mi pè mí sẹ́yìn mọ́tò kí ó tó ṣílẹ̀kùn fún un.

"Jọ̀ọ́, oúnjẹ ni o," ó ní. "O mọ Màmá. Bí oúnjẹ ibí bá bá a lẹ́nu mu, á dúró. Bí kò bá bá a lẹ́nu mu, kò sí ẹ̀bẹ̀ tí a lè bẹ̀ ẹ́ mọ́."

Mo ní mo ti gbọ́. Ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn mi: bí ó bá padà sí Ẹ̀pẹ́, tí ó tún ṣubú, tí ó wá bọ́ sí ọjọ́ tí obìnrin olómi kò wá ń kọ́?

Mo kúnlẹ̀ kí i pẹ̀lú ṣòkòtò tó rin gbindingbindin. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ìyàwó mi, ṣé òjò ló pa ọ́ ni, àbí ọkọ rẹ ló tì ọ́ sódò?"

"Rárá, mà. Ẹja ni mo ń ṣà."

"Ẹja? Níbo? Mi ò rí odò kankan látìgbà tí a ti kúrò lójú títì."

Ó ní òun kò ní wọlé àfi tí òun bá rí i. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe mú un lọ sẹ́yìn ilé, ọkọ mi dì í lápá kan, èmi dì í lápá kejì.

Ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé wa kò tóbi, ṣùgbọ́n kò sí ibi tó ṣófo nínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ ti dín iṣẹ́ kù nígbà náà. Bí wọ́n bá ṣiṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á jókòó sílé ní ọ̀sẹ̀ kejì. Nígbà tí ìyẹn bẹ̀rẹ̀, mo ronú nípa ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n kọ́ wa ní sẹ́kọ́ńdìrì, mo wo búlọ́ọ̀kù tó ṣẹ́ kù nígbà tí a kọ́ ilé, mo sì ní kí ọkọ mi bá mi to pọ́ńdì méjì. Adìyẹ mọ́kàndínlógún la ní nígbà tí Màmá wá, àti ehoro mẹ́jọ nínú àhámọ́ onípákó ẹlẹ́sẹ̀ gíga. Omi tí a bá fà jáde nínú pọ́ńdì ló ń lọ sínú ẹ̀fọ́. Ẹ̀fọ́ tó bá gbó ni ehoro ń jẹ. Ìgbẹ́ ehoro a sì tún padà sídìí ẹ̀fọ́. A kì í ra ẹja, a kì í ra ẹran, a kì í ra ẹyin. Ohun tó jẹ́ ìdùnnú mi nìyẹn, mo sì rò pé yóò jẹ́ ìdùnnú Màmá náà.

Ó fi ọ̀pá rẹ̀ kan ògiri pọ́ńdì bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Ó wo inú omi náà.

"Kí ni wọ́n ń jẹ?"

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọkọ mi wà. Ó ń ṣẹ́jú sí mi, ó sì ń mirí. Mo rí i, ṣùgbọ́n kò yé mi lójú ẹsẹ̀ ohun tó ń sọ. Ìbéèrè ni wọ́n bi mí, mo sì mọ ìdáhùn rẹ̀.

"Fíìdì ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, mà," mo ní. "Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ìfun adìyẹ ni. Àwọn tó ń pa adìyẹ ní ibùdókọ̀ Benson ló ń kó o fún mi, korobá kan lọ́jọ́ kejì kejì. Mo máa ń sè é kí n tó fún wọn. Bí adìyẹ tiwa bá sì kú fúnra rẹ̀, n ó tu ìyẹ́ rẹ̀, n ó gé e sí wẹ́wẹ́ — "

"Òkúǹbete?" Màmá ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ṣùgbọ́n mo máa ń sè é dáadáa."

Ọkọ mi gbójú sókè, ó ń wo ọ̀run. Màmá ní, "Astagafurulai," ó sì ní ká mú òun wọlé.

Mo ti se ẹja kí n tó lọ sínú pọ́ńdì. Àrọ̀ ńlá méjì ni mo fi se ọbẹ̀ ata, mo sì ro ẹ̀bà sí i. Màmá kò fẹ́ dójú tì mí. Ó bu ẹja náà díẹ̀, ó fi sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ bí ẹni tó ń fetí sí nǹkan. Lẹ́yìn náà ó rọra fi ìyókù sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo.

"Ṣé kò dùn ni, mà?" mo béèrè.

"Ata rẹ̀ dùn. Iyọ̀ rẹ̀ náà mọ níwọ̀n. Ẹja yẹn fúnra rẹ̀ ni. Ó ń run bí ògiri tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa."

Ọmọ mi obìnrin, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà, rẹ́rìn-ín títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú láti orí àga. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo bu díẹ̀ sẹ́nu èmi náà. Òótọ́ ni. Ó ti ń run bẹ́ẹ̀ tipẹ́, ó kàn ti mọ́ wa lára ni.

"Màmá Ẹ̀pẹ́," ọmọ mi ní, "ẹja ọ̀sà ń kọ́? Ta ló ń bọ́ wọn?"

"Ọlọ́run ni."

"Kí ni Ọlọ́run ń fún wọn jẹ?"

"Ìyẹn ò kàn ọ́. Jẹ ẹ̀bà rẹ."

Ẹ̀bà àti omi ọbẹ̀ lásán ni Màmá jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí ó ti lọ sùn, ọkọ mi ní òun lè lọ sí Ìjẹ̀dẹ́ láàárọ̀ lọ ra ẹja ọ̀bọ̀kún lọ́wọ́ àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀ láti ọ̀sà. Mo ní kó má lọ. Mo ní, "Ẹ lè rà á fún ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ẹ lè rà á fún oṣù mẹ́ta? Bó bá jẹ́ ọ̀bọ̀kún ló mú wọn dúró, kí la máa gbé fún wọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?" Bí Màmá yóò bá máa bá wa gbé, ohun tí à ń jẹ ló gbọ́dọ̀ lè jẹ.

Ní àárọ̀ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Àsùbá, mo bá a níbi tó jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó ń wo àwọn adìyẹ mi bí wọ́n ṣe ń túlẹ̀ kiri.

"Ìyàwó, nílé tìrẹ, bí ẹ bá fẹ́ pa adìyẹ tó ń jẹ kiri báyìí, kí lẹ máa ń ṣe?"

Nílé bàbá mi ní Ìkòròdú níbí, Mùsùlùmí ni wá, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ni wá pẹ̀lú. Adìyẹ tí a bá rí mú la máa ń pa. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

"Ẹ̀yin ará ibí," ó ní. "Nílé ìyá mi, a kì í pa á lọ́jọ́ tí a mú un. Ta ló mọ ohun tó ti ṣà jẹ? Inú àgò ló máa wà fún ọjọ́ mẹ́ta. Àgbàdo àti omi tó mọ́ nìkan ló máa rí. Lọ́jọ́ kẹta, inú rẹ̀ ti mọ́, a lè wá dárúkọ Ọlọ́run sí i."

"Mo ti gbọ́ ti adìyẹ rí, mà."

"Ó dáa. Kí ló wá dé tí ẹja kò fi ní àgò?"

N kò ronú kàn án rí. Mo gbé ìlàjì dúrọ́ọ̀mù búlúù kan jáde, mo fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sì fa omi kànga kún un. Màmá fúnra rẹ̀ ló yan ẹja. Ó jókòó sórí àpótí létí pọ́ńdì, ó ń nawọ́ sí wọn: kì í ṣe èyí, ìyẹn, èyí tí orí rẹ̀ fẹ̀ yẹn. Mẹ́fà la mú. Omi wọn yóò máa yí padà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Mo bi í pé kí ni n ó máa fún wọn jẹ.

"Má fún wọn ní nǹkan kan. Kí wọ́n gbààwẹ̀."

"Ebi ò ní pa wọ́n kú, mà?"

"Àwa tá à ń gba ọgbọ̀n ọjọ́, ṣé a ti kú ni?"

Mo ṣírò ọjọ́ náà lọ́kàn mi. Sátidé, Sọ́ńdè, Mọ́ńdè. Ọjọ́ kẹta ẹja yóò pé ní ọ̀sán Mọ́ńdè, àsìkò gan-an tí Màmá ní òun ń lọ. Oúnjẹ kan ṣoṣo ló kù tí mo lè fi mú un dúró, inú dúrọ́ọ̀mù yẹn ló sì wà.

Àwọ̀n ni mo fi bò ó. Màmá ní kí n fi òkúta tẹ etí rẹ̀ yí ká.

"Àrọ̀ máa ń rìn bí òjò bá dé," ó ní.

"Màmá, inú agbada ni wọ́n ti pa ẹyin àwọn wọ̀nyí, inú búlọ́ọ̀kù ni wọ́n sì dàgbà sí. Wọn ò mọ odò, wọn ò tiẹ̀ mọ̀nà ibì kankan."

"Ìwọ náà, ta ló kọ́ ọ ní ẹkún lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọ?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò wá òkúta. Mo rò pé okùn á dára ju òkúta lọ. Okùn náà kúrú. Ibi méjì ló dé, dípò mẹ́rin. Mo sọ fún ara mi pé ibi méjì ti tó. Mo tún pọn omi kún dúrọ́ọ̀mù náà bámúbámú, nítorí pé mo rò pé bí omi bá ṣe pọ̀ tó ni inú wọn á ṣe tètè mọ́ tó.

Òjò rọ̀ ní ọ̀sán Sọ́ńdè. Òjò gidi ni, irú èyí tí kì í kí èèyàn kó tó wọlé. Mo wà ní kíṣìnnì, mò ń bó ewùrà, nítorí pé mo ti pinnu pé ìkọ́kọrẹ́ ni n ó sè lọ́jọ́ kejì, mo sì fẹ́ kọ́kọ́ dán díẹ̀ wò. Ọmọ mi ké láti ẹ̀yìn ilé.

"Mọ́mì! Ẹja ń lọ o!"

"Ń lọ síbo?"

"Mi ò bi í!"

Mo ju ọ̀bẹ sílẹ̀. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìn ilé, omi ti bo ilẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀, àwọ̀n mi sì ti ká sí apá kan bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Mo wo inú dúrọ́ọ̀mù: méjì ló kù. Mẹ́rin ti jáde. Ọ̀kan ń fi àyà wọ́ lọ láàárín ẹ̀fọ́ mi, ó ń ju ìrù sọ́tùn-ún sósì, ó ń lọ láìkánjú. Àwọn adìyẹ ti sá sábẹ́ ìbòrí, àfi àkùkọ kan tó dúró gbágbágbá níwájú ẹja kejì, tó ń wò ó bóyá kí òun jà tàbí kí òun sá. Ẹ̀kẹta ti dé abẹ́ àhámọ́ ehoro. N kò rí ẹ̀kẹrin.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí inú ẹ̀fọ́, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbá ti ibẹ̀ mú. Ó yọ̀ bọ́. Mo tún gbá a mú, ó tún bọ́, èmi náà sì jókòó sínú omi gbì. Ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, kò mọ èyí tí òun máa ṣe.

"Má dì í láàárín mọ́!"

Màmá ni. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti fi ọ̀rá ńlá kan borí, ó ń na ọ̀pá sí ọ̀tún àti sí òsì fún mi bí ẹni tó ń darí mọ́tò.

"Ọrùn rẹ̀! Ọrùn! Ẹ̀yìn ẹ̀gún méjèèjì! Ìwọ, ọmọ, lé àkùkọ yẹn kúrò! Ìyàwó, dìde, ṣé o fẹ́ bá a wẹ̀ ni?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jáde!"

Kò tíì tán lẹ́nu mi tó ti jáde. Ó rọra fi ọ̀pá wá ilẹ̀ títí tó fi dé ìdí àhámọ́ ehoro, ó sì di òpó rẹ̀ mú, ó bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ kan ló nà. Àtàǹpàkò rẹ̀ lọ sí apá kan, ìka rẹ̀ lọ sí apá kejì, lẹ́yìn ẹ̀gún tó wà létí ẹja náà, ó sì gbé e sókè. Ẹja náà ń ju ìrù, ṣùgbọ́n kò lè lọ síbì kankan.

"Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí tí mo ti ń yọ irú èyí nínú ìgèrè tí bàbá mi fi ń dẹ ẹja," ó ní. Omi ń ṣàn lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. N kò tíì rí i kó rẹ́rìn-ín báyẹn látìgbà tí wọ́n ti gbé mi níyàwó.

Bí ó ṣe júwe rẹ̀ ni mo ṣe mú ti inú ẹ̀fọ́ àti ti àkùkọ. Ó ku ẹ̀kẹrin. A ń wá a lábẹ́ gbogbo nǹkan nígbà tí ẹnì kan pè wá láti orí fẹ́ǹsì. Aládùúgbò wa ni, ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì lọ́hùn-ún ní Èkó, tí a kì í rí àfi lọ́jọ́ Sọ́ńdè nítorí pé kí ilẹ̀ tó mọ́ ló máa ń jáde nílé. Ó di agboòrùn mú, ó sì ti ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè.

"Ẹ kú òjò o, Mọ́mì. Ẹ jọ̀ọ́, nǹkan kan wà nínú gọ́tà mi. Ó ní irùngbọ̀n."

Kí n tó dáhùn, Màmá ti ní, "Bó bá ní irùngbọ̀n, àáfà ni. Kí i dáadáa, kó o sì gbé e wá."

"Ẹ̀rù ẹ̀ ló ń bà mí, Ìyá."

"Ìwọ ọkùnrin gìrìpá yìí? Eyín rẹ̀ ò tó ti abẹ́rẹ́!"

Ó lọ. A gbọ́ ariwo korobá, a gbọ́ ti ìgbálẹ̀, a gbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń pariwo, "Ẹ má jẹ́ kó wọlé o!" Nígbà tó yá, ó gbé korobá kan kọjá sí wa lórí fẹ́ǹsì, apá rẹ̀ méjèèjì nà gbọọrọ, ojú rẹ̀ sì yí sí ibòmíràn. Ẹ̀kẹrin wà nínú rẹ̀.

Mo rò pé ayọ̀ la máa fi parí ọjọ́ náà, àfi ìgbà tí ọkọ mi ti mọ́ṣáláṣí dé tó bá ìyá rẹ̀ nínú aṣọ tó rin, tó ń sín. Kò pariwo. Ó kàn wò mí, ó ní, "Inú òjò? Pẹ̀lú ìbàdí yẹn?" Mo fi omi gbígbóná ra ìbàdí náà fún un, mo sì fi òrí pa á. Nígbà tí mo ṣe é tán, Màmá ní:

"Mẹ́rin tó jáde yẹn, má sè wọ́n lọ́la o. Wọ́n ti gbé omi gọ́tà mì. Ìṣirò wọn ti bàjẹ́. Àti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Méjì tó jókòó jẹ́ẹ́ nìkan ni tiwọn ṣì pé."

Mo ní ó dáa, mà. Nígbà tí mo tún kọjá ní ẹnu yàrá rẹ̀, mo rí i tó ń ká ìró rẹ̀ sínú báàgì. Ó to ìborùn rẹ̀ lé e, ó fi kúráànì rẹ̀ sókè pátápátá, ó sì fa síìpù rẹ̀ dé òpin. Mo lọ ya ẹja mẹ́rin náà sínú agbada ńlá kan, kí wọ́n dá wà. Òkúta mẹ́jọ ni mo tò lé àwọ̀n wọn, ọgbọ́n ẹ̀yìn ìṣẹ̀lẹ̀.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, mo fi ọwọ́ ara mi pa ẹja méjèèjì, mo fi iyọ̀ àti omi gbígbóná fọ yíyọ̀ ara wọn kúrò títí ẹran wọn fi ń ké lọ́wọ́ mi. Kí n tó fi ata sí i, mo gbé ẹyọ kan símú. Kò run nǹkan kan. Bí omi lásán ló ń run. Mo rin ewùrà, mo po ó, mo fi ata, òróró pupa àti edé sínú omi tó ń hó, mo wá ń fi ọwọ́ bu ewùrà náà sí i ní ṣíṣù ṣíṣù. Mo to ẹja náà sí i lẹ́yìn, kí ó má baà fọ́. Orí èyí tó tóbi jù ni mo bù fún Màmá, nítorí pé orí ni ti àgbà.

Ó jókòó sórí ẹní, ọkọ mi jókòó tì í, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo rẹ̀. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. Màmá jẹ ìkọ́kọrẹ́ náà díẹ̀, ó wá kan ẹja. Ó ya á, ó wo inú rẹ̀, ó gbé e sẹ́nu. Mo ń wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó tún mú òmíràn. Ó yọ egungun kan lẹ́nu, ó fi lé etí àwo. Ó yọ èkejì, ó tò ó tẹ̀ lé e. Nígbà tó dé orí ẹja náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, ó sì fà á títí ó fi dún. Kò fi nǹkan kan sílẹ̀ bí kò ṣe egungun, wọ́n sì tò létí àwo bí ọmọ ilé ìwé.

Kò yìn ín. Kò bú u. Ó ní, "Alihamudulilai," ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí ọ̀pá.

Ọkọ mi wò mí. Èmi náà wò ó. Ó mú kọ́kọ́rọ́, ó gbé báàgì náà lọ sínú mọ́tò, mo sì gbọ́ bó ṣe ṣáná sí i. Mo kó àwo wọlé nítorí pé n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Nígbà tí mo jáde, ilẹ̀kùn mọ́tò ṣí sílẹ̀, ọkọ mi jókòó nídìí ọkọ̀, Màmá kò sì sí níbẹ̀.

Ẹ̀yìn ilé ni mo ti bá a. Ó bẹ̀rẹ̀ sórí agbada ẹja mẹ́rin, ó ti gbé òkúta méjì kúrò, ó ń ti ìka bọ omi náà, ó sì ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Omi náà mọ́ gaara. Òun ló ti pààrọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ nígbà tí mo ń rin ewùrà. Mo rí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ihò ọ̀pá rẹ̀ láti ìdí kànga dé ibẹ̀.

"Màmá," mo ní, "wọ́n ti ṣáná sí mọ́tò. Ẹ̀yin ni wọ́n ń dúró dè."

Ó gbé òkúta kan padà sáyè rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tì í wò bóyá ó dúró dáadáa.

"Lọ sọ fún ọkọ rẹ kó paná mọ́tò, kó sì gbé báàgì mi wọlé. Àárọ̀ yìí ni ìṣirò àwọn mẹ́rin yìí bẹ̀rẹ̀, ó di Wẹ́sìdeè kó tó pé. Ṣé ìwọ tí o ò mọ okùn so ni kí n fi wọ́n sílẹ̀ fún?"